Awọ Sẹ́ẹ̀lì Àjẹsára Lábẹ́ Máíkírósíkóòpù: Ipa Ìbàdàn Nínú Ìtàn Ìmọ̀ Kan, 1963 sí 1969

Ìfáárà

Nígbà tí àwọn òpìtàn ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ bá ń sọ bí ẹ̀dá ṣe mọ ohun tí ó wà lórí awọ sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ funfun, orúkọ ìlú mélòó kan ni ó sábà máa ń jáde lẹ́nu wọn: London, Cambridge, Stockholm, àti La Jolla ní Amẹ́ríkà. Bí wọ́n bá dárúkọ ilẹ̀ Áfíríkà rárá, Kampala ni wọn yóò dá, nítorí Denis Burkitt. Wọn a sì dá a bí ibi tí ẹran ara aláìsàn ti wá, kì í ṣe bí ibi tí ìmọ̀ ti wá. Àpilẹ̀kọ yìí kò fara mọ́ irú ìtàn bẹ́ẹ̀. Ohun tí ó fẹ́ fi hàn ni pé láàrin ọdún 1963 sí 1969, àwọn oníwádìí ní Ìbàdàn mú sẹ́ẹ̀lì jáde lára ọmọ tí ń ṣàìsàn, wọ́n mú un wà láàyè nínú ìgò, wọ́n sì bi í ní ìbéèrè kan nípa awọ rẹ̀, èyí tí máíkírósíkóòpù tí ó lágbára jù lọ lónìí ṣì ń wá ìdáhùn sí.

Kí ọ̀rọ̀ tó gùn, ó yẹ kí á la ohun tí à ń wí yé ara wa. Nínú àwọn sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ funfun, àwọn kan wà tí à ń pè ní sẹ́ẹ̀lì B. Àwọn ni wọ́n ń ṣe àǹtíbọ́dì, èyíinì ni ohun ìjà tí ara fi ń kojú àrùn. Awọ fẹ́lẹ́ kan ni ó bo sẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan. Ẹni tí ó bá dàgbà ní Ìjẹ̀bú-Òde kò ní pẹ́ kí ó tó lóye iṣẹ́ tí awọ yìí ń ṣe, nítorí ó ti mọ Erédò, yàrà àti odi tí ó yí ilẹ̀ Ìjẹ̀bú àtijọ́ ká fún nǹkan bí 160 kìlómítà, tí ibòmíràn nínú rẹ̀ sì ga tó 20 mítà. Ṣùgbọ́n yàrà nìkan kọ́ ni agbára Ìjẹ̀bú. Ẹnubodè ni agbára náà wà, lọ́wọ́ àwọn oníbodè tí wọ́n ń gba owó lórí ẹrù, tí wọ́n sì ń pinnu ẹni tí yóò ti etí ọ̀sà kọjá lọ sí òkè. Ọ̀ràn ọ̀nà àti ẹnubodè yìí gan-an ni ó di ogun Ìmagbọn láàrin Ìjẹ̀bú àti àwọn Gẹ̀ẹ́sì ní ọdún 1892. Bẹ́ẹ̀ náà ni awọ sẹ́ẹ̀lì rí. Ọ̀rá ni a fi mọ odi rẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn purotéènì tí ó wà lára odi náà ni oníbodè. Àwọn ni wọ́n ń dá àjèjì mọ̀, àwọn ni wọ́n sì ń ránṣẹ́ sínú ilé pé ọ̀tá dé. Ibì kan wà tí àfiwé yìí ti kùnà, ibi tí ó ti kùnà náà sì ni kókó ìtàn yìí: oníbodè Ìjẹ̀bú a máa jókòó sí ẹnubodè rẹ̀.

Àrùn tí ó mú sẹ́ẹ̀lì wá

Ní ọdún 1957, ní ilé-ìwòsàn Mulago ní Kampala, Burkitt, oníṣẹ́ abẹ ọmọ ilẹ̀ Ireland, ṣàkíyèsí àwọn ọmọdé tí àgbọ̀n wọn wú, tí eyín wọn sì ń mì. Ó tẹ ìròyìn rẹ̀ jáde ní 1958. Ní 1961, òun àti àwọn dókítà méjì, Ted Williams àti Cliff Nelson, wọ ọkọ̀ àlòkù kan, wọ́n rìn tó 16,000 kìlómítà ní ìlà-oòrùn àti gúúsù Áfíríkà láti mọ ibi tí àrùn náà wà àti ibi tí kò sí. Ohun tí wọ́n rí ni pé ó ní ìgbànú tirẹ̀: ilẹ̀ tí òjò ti ń rọ̀ dáadáa, tí òtútù kì í mú púpọ̀, tí kò sì ga ju nǹkan bí 1,500 mítà lọ sókè òkun. Ilẹ̀ ibà ni, lọ́rọ̀ kan. Ìjẹ̀bú-Òde àti gbogbo igbó tí ó yí i ká wà nínú ìgbànú yìí, bí Ìbàdàn náà ti wà nínú rẹ̀. Kò yẹ kí ó ya ẹnikẹ́ni lẹ́nu, nígbà náà, pé Ilé-Ìwòsàn Yunifásítì tí a ṣí ní Ìbàdàn ní 1957 ń rí irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀.

Jẹjẹrẹ Burkitt wà lára àwọn tí ó yára dàgbà jù lọ láàrin gbogbo jẹjẹrẹ ènìyàn. Òbí lè kọ́kọ́ rò pé eyín ni ó ń dun ọmọ. Kí oṣù méjì tó pé, ojú ọmọ ti yí padà. Sẹ́ẹ̀lì B tí ó kọ̀ láti dẹ́kun pípín ni gbogbo ohun tí ó wú náà. Òkítì sẹ́ẹ̀lì àjẹsára ni, irú kan náà, lójú kan náà. Ohun tí ó jẹ́ ẹkún fún ilé kan wá di ohun tí onímọ̀ kò lè rí níbòmíràn, nítorí nínú ẹ̀jẹ̀ ènìyàn tí ara rẹ̀ le, sẹ́ẹ̀lì B dà pọ̀ mọ́ oríṣiríṣi sẹ́ẹ̀lì mìíràn. Ṣùgbọ́n kí á má ṣe fi ìmọ̀ òde òní wọ àwọn ará àná láṣọ: ní 1963, kò tíì sí ẹni tí ń pè é ní sẹ́ẹ̀lì B. Ohun tí wọ́n mọ̀ ni pé irú sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ funfun kan ni.

Apá ìtàn yìí tí gbogbo ayé mọ̀ kò gba àkókò. Anthony Epstein gbọ́ ọ̀rọ̀ Burkitt ní London ní oṣù kẹta 1961, ó sì ṣètò pé kí a máa fi ọkọ̀ òfuurufú kó ègé jẹjẹrẹ náà wá láti Kampala. Ní oṣù kejì 1964, lábẹ́ máíkírósíkóòpù tí ń lo ẹ̀lẹ́kítíróònù, òun pẹ̀lú Bert Achong, ọmọ Trinidad, àti Yvonne Barr, rí fáírọ́ọ̀sì nínú àwọn sẹ́ẹ̀lì náà. Fáírọ́ọ̀sì náà ni à ń pè ní Epstein-Barr. Orúkọ Achong kò sí nínú rẹ̀.

Pulvertaft ní Ìbàdàn

Ní àkókò yìí kan náà, Robert Pulvertaft ń ṣiṣẹ́ ní Ìbàdàn. Ó ti jẹ́ ọ̀jọ̀gbọ́n ìmọ̀ àrùn ní Westminster Hospital ní London, àgbà sì ti dé sí i. Kì í ṣe ẹni tí ohun èlò tí kò tó ń dẹ́rù bà. Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, ní Ilẹ̀ Íjíbítì, ó fi pẹnisílínì tí a kò tíì fọ̀ mọ́ tọ́jú ọgbẹ́ àwọn ọmọ ogun. Àṣà tirẹ̀ ni láti wo sẹ́ẹ̀lì nígbà tí ó ṣì wà láàyè. Ọ̀pọ̀ onímọ̀ àrùn a máa pa sẹ́ẹ̀lì, wọn a kùn ún, wọn a wá wò ó. Pulvertaft fẹ́ rí i bí ó ṣe ń rìn, bí ó ṣe ń pín sí méjì, bí awọ rẹ̀ ṣe ń yọ síta tí ó sì ń padà wọlé.

Ṣùgbọ́n sẹ́ẹ̀lì tí a mú kúrò lára kì í pẹ́ kú. Ó ń fẹ́ ooru bíi ti ara, oúnjẹ nínú omi, omi ẹ̀jẹ̀, àti ìmọ́tótó tí kò gba kòkòrò kan ṣoṣo láàyè. Bí a bá tilẹ̀ ṣe gbogbo èyí, ọ̀pọ̀ jù lọ yóò kú láàrin ọjọ́ díẹ̀. Ní 1963, Pulvertaft gba sẹ́ẹ̀lì láti inú jẹjẹrẹ tí ó wà ní àgbọ̀n òkè, lápá òsì, ọmọkùnrin ọlọ́dún 11 kan. Àwọn wọ̀nyí kò kú. Wọ́n ń pín, wọ́n sì ń pín títí di òní. Raji ni a pe ìran sẹ́ẹ̀lì náà, orúkọ tí kò ṣàjèjì sí ẹnikẹ́ni ní Ìjẹ̀bú-Òde. Ó wà lára àwọn àkọ́kọ́ nínú sẹ́ẹ̀lì tí ó ti inú ẹ̀jẹ̀ ènìyàn wá tí a lè máa tọ́ nínú ìgò láìlópin. Pulvertaft tẹ ohun tí ó rí jáde nínú The Lancet ní 1964, ọdún kan náà tí ìròyìn Epstein jáde nínú ìwé kan náà.

Àríyànjiyàn lè wà níhìn-ín pé Gẹ̀ẹ́sì ni Pulvertaft, pé àlejò ni, àti pé kò sí ohun tí ó jẹ́ ti Ìbàdàn nínú iṣẹ́ rẹ̀ bí kò ṣe ilé àti aláìsàn. Ìdáhùn sí èyí wà nínú ohun tí ó ṣẹlẹ̀ tẹ̀lé e.

Ọ̀ṣúnkọ́yà àti ìbéèrè nípa awọ

Ní 1965, B. O. Osunkoya tẹ ìwé kan jáde nínú ìwé àtìgbàdégbà àwọn Gẹ̀ẹ́sì lórí jẹjẹrẹ. Ohun tí ó ń wádìí ni bí a ṣe lè tọ́jú sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ Burkitt pa mọ́ níbi tí ó tutù níwọ̀nba, láìjẹ́ pé ó di yìnyín. Ó lè dà bí ọ̀rọ̀ kékeré. Ẹni tí ó bá mọ ohun tí iná mànàmáná tí ń lọ tí ń bọ̀ lè ṣe sí yàrá ìwádìí yóò mọyì rẹ̀. Láìsí irú ìmọ̀ ọwọ́ bẹ́ẹ̀, kò sí bí ìbéèrè ńlá kankan yóò ṣe dìde.

Ìbéèrè ńlá náà dé ní 1968. Osunkoya pẹ̀lú àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, tí McFarlane, Lucio Luzzatto ará Ítálì, Udeozo, Mottram, Williams àti Anomah Ngu ọmọ Kamẹrúùnù wà lára wọn, tẹ ìwádìí jáde nínú Immunology. Wọ́n fi sẹ́ẹ̀lì tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ mú kúrò lára aláìsàn wé àwọn tí ó ti pẹ́ nínú ìgò, láti mọ bóyá àwọn méjèèjì ń ṣe irú purotéènì tí a fi ń ṣe àǹtíbọ́dì. Ẹ ṣàkíyèsí irú àwọn tí ó péjọ: onímọ̀ ẹ̀jẹ̀, oníṣẹ́ abẹ, onímọ̀ kẹ́míkà ara, láti ilẹ̀ mẹ́rin tàbí márùn-ún, ní abẹ́ òrùlé kan ní Ìbàdàn. Ngu yìí kan náà ni ó wà lára àwọn tí a fún ní ẹ̀bùn Lasker ní Amẹ́ríkà ní 1972, nítorí ipa wọn nínú fífi oògùn wo jẹjẹrẹ Burkitt.

Ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e, 1969, Osunkoya, Mottram àti Isoun tẹ ìwé mìíràn jáde nínú ìwé àtìgbàdégbà àgbáyé lórí jẹjẹrẹ. Lórí sẹ́ẹ̀lì Burkitt tí a ń tọ́ nínú ìgò ni, àkòrí rẹ̀ sì ni bí sẹ́ẹ̀lì náà ṣe ń ṣẹ̀dá àwọn oníbodè àjẹsára tí ó wà lójú awọ rẹ̀, àti ohun tí ń gbẹ̀yìn wọn. Ọ̀rọ̀ kejì yẹn, ìgbẹ̀yìn, ni ó yẹ kí òpìtàn dúró lé lórí. Láti ìgbà tí Albert Coons ti fi hàn ní Amẹ́ríkà ní 1941 pé a lè so aró tí ń tàn mọ́ àǹtíbọ́dì, àwọn oníwádìí ti ní ọ̀nà láti mọ ibi tí purotéènì kan wà: a da àǹtíbọ́dì aláró sórí sẹ́ẹ̀lì, a tan ìmọ́lẹ̀ sí i, ibi tí purotéènì náà wà a sì máa tàn bí àtùpà lóru. Ní Stockholm, ní 1968, Eva àti George Klein ti fi irú ọgbọ́n bẹ́ẹ̀ rí àǹtíbọ́dì lójú awọ sẹ́ẹ̀lì Burkitt tí a kó wá láti Ìlà-Oòrùn Áfíríkà. Àmọ́ ẹni tí ó bá béèrè pé níbo ni oníbodè wà ti gbà pé ó jókòó síbì kan. Ẹni tí ó béèrè bí a ṣe bí i àti ibi tí ó ń lọ ti ń wo awọ náà bí ohun tí ó ń yí padà nígbà gbogbo.

Ó yẹ kí á ṣọ́ra níhìn-ín. Kò sí ẹni tí ó lè sọ pé ní Ìbàdàn ni a ti kọ́kọ́ fi hàn pé awọ sẹ́ẹ̀lì ń ṣàn bí epo. Frye àti Edidin ní Amẹ́ríkà ni ó da sẹ́ẹ̀lì ènìyàn pọ̀ mọ́ ti eku ní 1970, tí wọ́n rí i pé purotéènì àwọn méjèèjì dà pọ̀ mọ́ ara wọn láàrin nǹkan bí 40 ìṣẹ́jú. Ní 1971, Taylor, Duffus, Raff àti de Petris fi hàn ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì pé bí àǹtíbọ́dì bá so mọ́ àwọn oníbodè sẹ́ẹ̀lì àjẹsára, gbogbo wọn a máa rìn lọ sí apá kan, wọn a ṣù jọ bí fìlà lórí sẹ́ẹ̀lì, kí sẹ́ẹ̀lì tó gbé wọn mì. Singer àti Nicolson wá kó gbogbo rẹ̀ jọ ní 1972 sínú àlàyé tí gbogbo ilé-ẹ̀kọ́ ń kọ́ lónìí. Ohun tí àpilẹ̀kọ yìí ń sọ kò ju èyí lọ: nígbà tí ìbéèrè nípa ìrìn àti ìgbẹ̀yìn àwọn oníbodè náà ṣì jẹ́ ti àwọn ènìyàn díẹ̀ lágbàáyé, Ìbàdàn wà lára wọn. Kì í ṣe ẹran ara nìkan ni a kó jáde níbẹ̀.

Ohun tí awò kò lè rí

Kí ni ó dé tí ìdáhùn fi pẹ́ tó bẹ́ẹ̀? Ìmọ́lẹ̀ fúnra rẹ̀ ni ó fà á. Ernst Abbe ní Jámánì ti fi hàn ní 1873 pé awò tí ń lo ìmọ́lẹ̀ kò lè ya ohun méjì sọ́tọ̀ bí àlàfo wọn kò bá tó nǹkan bí 200 nanomítà. Sísanra awọ sẹ́ẹ̀lì kò sì tó 10 nanomítà. Ohun tí Osunkoya ń rí, bíi ti àwọn Klein, dà bí ohun tí ẹni tí ó wà ní orí òkè ń rí ní ọjà alẹ́: ó rí i pé iná ń tàn, kò lè ka iye fìtílà. Máíkírósíkóòpù tí ń lo ẹ̀lẹ́kítíróònù lè rí ju bẹ́ẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n ó ń fẹ́ sẹ́ẹ̀lì tí ó ti kú, tí a ti gbẹ tàbí tí a gé wẹ́wẹ́. Ẹni tí ó fẹ́ mọ ìrìn oníbodè kò lè pa á kí ó tó wò ó.

Ẹ̀yìn ọdún 1990 ni ọ̀nà àbáyọ bẹ̀rẹ̀ sí í hàn. Betzig, Hell àti Moerner gba ẹ̀bùn Nóbẹ́ẹ̀lì nínú kẹ́mísìrì ní 2014 nítorí rẹ̀. Nínú ọ̀kan lára ọgbọ́n wọ̀nyí, a kì í jẹ́ kí gbogbo aró tàn lẹ́ẹ̀kan náà. Díẹ̀díẹ̀ ni a ń jẹ́ kí wọ́n tàn, kí á lè sàmì sí ibi tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wà, kí òmíràn tó tàn. Bí a bá kó ẹgbẹẹgbẹ̀rún àwòrán bẹ́ẹ̀ jọ, iye fìtílà á di kíkà.

Ọ̀kan nínú àwọn oníbodè tí a ti fi ọgbọ́n yìí wò dáadáa ni CD20, tí ó wà lójú awọ sẹ́ẹ̀lì B. Òun ni oògùn rituximab ń so mọ́, oògùn tí a fọwọ́ sí ní Amẹ́ríkà ní 1997 fún jẹjẹrẹ sẹ́ẹ̀lì B. Ní oṣù kìíní 2025, àwọn oníwádìí Yunifásítì Würzburg ní Jámánì tẹ̀ ẹ́ jáde nínú Science pé àwọn ti rí bí irú oògùn bẹ́ẹ̀ ṣe ń so CD20 pọ̀ mọ́ra wọn lórí odindi sẹ́ẹ̀lì. Ìkójọ wọn pọ̀ lórí àwọn ìka wẹ́wẹ́ tí ó yọ síta lára awọ náà, sẹ́ẹ̀lì náà sì gba ìrísí tuntun, ó nàró lápá kan bí ìgbà tí òòrẹ̀ bá gbé ẹ̀gún rẹ̀ sókè. Kí ni ó ń ṣẹlẹ̀ sí oníbodè lẹ́yìn tí a bá ti dì í mú? Ìbéèrè ọdún 1969 ni. Àwọn tí ó ń bi í lónìí sábà máa ń lo sẹ́ẹ̀lì tí CD20 pọ̀ lójú awọ rẹ̀, Raji sì wà lára wọn.

Raji lẹ́yìn odi

Ìrìn àjò Raji yàtọ̀ sí ti àwọn tí ó tọ́ ọ. Ní 1976, Theofilopoulos, Wilson àti Dixon ní La Jolla sọ ọ́ di ohun èlò àyẹ̀wò: nítorí pé àǹtíbọ́dì kò sí lójú awọ rẹ̀, ṣùgbọ́n tí oníbodè mìíràn pọ̀ níbẹ̀, ó ṣeé lò láti fi mú àwọn ìdìpọ̀ àǹtíbọ́dì tí ń ba ara jẹ́ nínú ẹ̀jẹ̀ aláìsàn. Láti ìgbà náà, orúkọ Raji ti wọ ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìwé ìwádìí. Ní Ìbàdàn, ọ̀ràn gba ọ̀nà mìíràn. Luzzatto lọ ní 1974, Ngu ti padà sí Kamẹrúùnù. Nígbà tí iye náírà já wálẹ̀ lẹ́yìn 1986, owó tí a fi ń ra omi oúnjẹ sẹ́ẹ̀lì láti òkè òkun di ìṣòro fún gbogbo yunifásítì ilẹ̀ yìí.

Ọ̀ràn ọmọ ọlọ́dún 11 náà sì wà nílẹ̀. Ní 1951, a mú sẹ́ẹ̀lì lára Henrietta Lacks ní Baltimore láìgba àṣẹ rẹ̀, a sì pè é ní HeLa. Ní 2023, ìdílé rẹ̀ àti ilé-iṣẹ́ Thermo Fisher parí ẹjọ́ lórí èrè tí ó wá láti ara sẹ́ẹ̀lì náà. Àwọn kan yóò sọ pé kò tọ́ láti fi òfin òní dá àná lẹ́jọ́, nítorí ìpinnu Helsinki tí ó béèrè pé kí a gba àṣẹ ẹni tí a ń fi ṣe ìwádìí kò jáde títí di oṣù kẹfà 1964, lẹ́yìn tí Raji ti wà nínú ìgò. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ìyẹn jẹ́ àwíjàre fún ẹni tí ó mú sẹ́ẹ̀lì náà ní 1963. Kì í ṣe àwíjàre fún ẹni tí ó ń tà á lónìí.

Nítorí pé títà ni à ń tà á. Nínú àkójọ àwọn sẹ́ẹ̀lì tí ó wà ní ATCC ní ìpínlẹ̀ Virginia, ní Amẹ́ríkà, CCL-86 ni nọ́ńbà Raji. Ọjọ́ orí ọmọ náà wà níbẹ̀, pé ọkùnrin ni wà níbẹ̀, ọdún 1963 wà níbẹ̀, orúkọ Pulvertaft náà sì wà níbẹ̀. Yàrá ìwádìí tí ó bá fẹ́ Raji láti ibẹ̀, ì báà jẹ́ ní Ìbàdàn tàbí ní Ìjẹ̀bú-Òde, yóò san owó rẹ̀ ní dọ́là, kí a tó dì í sínú yìnyín ránṣẹ́.